Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lójú Ọ̀nà Inísà

Ẹ̀rín ọkùnrin náà ni Mofolúwakẹ́ kọ́kọ́ rí. Láti Ìkìrun ló ti ń bọ̀, sítíárìn bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa dúró sí ní Inísà. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, géńdé kan ló rí lábẹ́ igi máńgòrò, ọ́ìlì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Àyà rẹ̀ já. Kì í ṣe torí ọkọ̀ mọ́ o!

"Àǹtí, ṣé ijó ni ọkọ̀ yín ń jó ni?"

"Tó bá wù yín, ẹ wá bá a jó."

Mákánjúọlá lorúkọ mẹkáníìkì náà. Ó yọjú wo inú bọ́ọ̀sì, ẹnu yà á: bẹ́ẹ̀dì rèé, sítóòfù rèé, kọ́tìnnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Awò ojú ni Mofolúwakẹ́ ń tà fáwọn àgbàlagbà tí ojú wọn ò ríwèé kà mọ́, ní Ìbà, ní Ìgbayè, títí dé inú oko. Inú ọkọ̀ náà ló ń gbé. Torí ọ̀nà tí ò dáa ni bàbá rẹ̀ ṣe bá a ra èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Oríkèé irin tó so táyà iwájú pọ̀ ló ti jẹ," ni Mákánjúọlá wí. "Ìbàdàn la ti máa rí òmíràn."

"Kò sáyè! Bàbá mi ní bó bá ṣì ń gbọ̀n lọ́jọ́ Ìsinmi ìparí oṣù, àwọn máa tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Tí wọ́n bá tà á, ayé mi ni wọ́n tà yẹn."

Mákánjúọlá wò ó lójú, ọkàn rẹ̀ yọ́. Ó wá ṣọ́ọ̀kì kékeré tó máa ń di sítíárìn mú, ó dè é mọ́ ọn. Gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró lóòótọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sóhun tí Mofolúwakẹ́ kì í fi ṣe àwáwí láti dé Inísà. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, wọ́n á máa jẹ àgbàdo sísun, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ á máa fẹ́ sí wọn lára, ọ̀rọ̀ ò sì ní tán. Kó tó yé wọn, "ẹ" ti di "o," àǹtí ti di olólùfẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, lẹ́yìn ìsìn, Tíṣà Jọláyẹmí, bàbá Mofolúwakẹ́, jókòó síwájú, Mákánjúọlá tí wọ́n ní kó wá gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn wà lẹ́yìn, Mofolúwakẹ́ ń wa ọkọ̀ láti Òkukù lọ sí Ìkìrun. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa. Mi ò tà á mọ́."

"Ẹ forí jì mí, sà," ni Mákánjúọlá wí láti ẹ̀yìn. "Ọkọ̀ yìí ò tíì dáa. Mo kàn bo gbígbọ̀n náà mọ́lẹ̀ ni. Oríkèé tó jẹ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá já lórí eré, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn."

Bàbá ní kí Mofolúwakẹ́ dúró. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́.

"Mákánjú, o ti pa mí!" Ọmọge bú sẹ́kún.

"Kó o wà láàyè kó o kórìíra mi tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n máa sunkún ikú rẹ lọ."

Mákánjúọlá lọ sí Ìbàdàn, ó ra oríkèé tuntun, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé Tíṣà l'Ókukù pé kí wọ́n jẹ́ kóun tún ọkọ̀ náà ṣe kí wọ́n tó tà á. Bàbá nawọ́ sí ọkọ̀ náà fún un. Wọ́n gbé àga, wọ́n jókòó tì í. Mofolúwakẹ́ ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Ìfẹ́ ò jẹ́ kó lè farabalẹ̀. Ó bu omi jáde.

"Mo ṣì ń bínú o."

"Mo mọ̀. Omi yìí mà tutù, ìyàwó mi."

"Ta ni ìyàwó ẹ?" Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó parí, Bàbá fúnra wọn wa ọkọ̀ lọ sí Ìgbayè, wọ́n gba ọ̀nà tó burú jù padà, eruku bò wọ́n, àmọ́ ọkọ̀ ò gbọ̀n rárá. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ọmọ wọn.

"Ọkọ̀ rẹ rèé. Ọmọkùnrin yìí mọ̀ pé òun lè pàdánù rẹ, síbẹ̀ ó sọ òótọ́ fún mi. Bó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti bá mi sọ, kó lọ kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá."

Bàbá wọlé. Mákánjúọlá ṣì dúró ti ọkọ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n wí?" Mofolúwakẹ́ ṣílẹ̀kùn bọ́ọ̀sì fún un, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. "Kí lo wá ń dúró ṣe? Wọlé, jẹ́ ká lọ kó àwọn èèyàn rẹ wá."