Ọjọ́ Tí Bàbá Déédéé Pẹ́

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún aago ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju ènìyàn méjì lọ, ṣùgbọ́n aago ara ògiri rẹ̀ lé ní ogójì, gbogbo wọn a sì lù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá bi í pé aago mélòó ló lù, á ní, "Mẹ́ta déédéé." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Déédéé.

Kì í mutí, kì í jalè. Ìgbéraga ni tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ Jésù fún un, á ní òun ti gbọ́, bó bá yá òun á ronú sí i.

Nígbà tí àìsàn mú ìyàwó yìí, ọmọbìnrin wọn tó wà lókè òkun ní kó máa bọ̀ wá gba ìtọ́jú. Bàbá Déédéé bínú pé wọn kò kọ́kọ́ bi òun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí obìnrin náà ń lọ, ó ní, "Bó o bá lọ, má padà sílé mi mọ́." Kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọ náà pè. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá òun, iṣẹ́ abẹ náà sì le. Kí bàbá òun máa bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá ń béèrè ni pé kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ òun pé ó ti kó ọ̀rọ̀ ọjọ́sí jẹ.

"Dádì, bàálù yín kò ní tíì dé nígbà yẹn. Ẹ ṣáà pè lójú ọ̀nà kí aago méjì tó lù. Méjì ni wọ́n máa gbé Mọ́mì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

Báyìí ni Bàbá Déédéé ṣe wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà, ó bọ́ ọ. Wọ́n ní kó na apá, ó nà án. Lókè lọ́hùn-ún ó ń wo ìkùukùu bí ẹni ń wo ògiri. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó jẹ ẹ́ tán, kò sì mọ ohun tó jẹ.

Ìyá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó tì í. Ìlú kan náà ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa wọ bàálù kejì, ìyá náà yí aago ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ní kí bàbá náà yí tirẹ̀.

"Ìyá, aago tèmi ni àwọn èèyàn fi ń tún tiwọn ṣe."

"Ó dáa. Bóyá oòrùn ibí ni kò tíì gbọ́ òkìkí yín."

Aago ńlá kan wà lára ògiri ibẹ̀. Méjìlá ló wà. Ti Bàbá Déédéé wà ní mẹ́wàá. Ó mi orí, ó ní wọn kò rí ẹni bá wọn tún un ṣe.

Ó jókòó sórí àga irin, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè pè nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí òun bá tètè pè, ṣé kò ní dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀? Wákàtí mẹ́rin ṣì kù. Ó ń ka táìlì ilẹ̀, ó kà á tán, ó tún un kà.

Nígbà tí aago ọwọ́ rẹ̀ di kan ààbọ̀, ó pè.

"Dádì." Ohùn ọmọ náà lọ sílẹ̀. "Aago mẹ́rin ààbọ̀ ti lù níbí, wákàtí mẹ́ta la fi ṣáájú ilé. Láti méjì ni wọ́n ti gbé Mọ́mì wọlé. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn títí nọ́ọ̀sì fi gbà á."

Ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sétí, bó ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Agbẹ̀bí náà bi í kí ló dé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà onílẹ́tà, títí kan ọ̀rọ̀ tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá náà kò bá a wí. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun fi rí àwọn ọkọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà irú yàrá bẹ́ẹ̀, tí wọn kò lè wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọlé, Jésù ni. Òun náà ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, òun ló sì kú nítorí rẹ̀.

"Ojú mi gbẹ, Ìyá. Mi ò lè sunkún."

"Ta ló béèrè ẹkún lọ́wọ́ yín? Ẹ sọ òótọ́ fún un."

Wọ́n ti ń pe èrò sínú bàálù. Ọkùnrin tí kò bẹ ẹnì kan rí tẹrí ba láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ní, "Olúwa, mo ti pẹ́. Ṣàánú mi nítorí Jésù."

Ara rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó wọ bàálù, ó pa fóònù bí wọ́n ṣe wí, láì mọ̀ bóyá ìyàwó òun wà láàyè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, aago mélòó lẹ ní ó lù?" Ohun tí ìyá náà sọ ló yí i sí.

Ìyàwó rẹ̀ jí. Lọ́jọ́ kẹta ọkọ rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ náà jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Obìnrin náà ní, "Ẹ pẹ́ o, Bàbá Déédéé." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìwọ tó ń ka èyí, má jẹ́ kí jíjí rẹ̀ tàn ọ́. Bàbá Déédéé kò mọ̀ pé yóò jí nígbà tó gbàdúrà. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́yìn odi, mo sì mọ àwọn tó padà délé tí wọn kò bá ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ̀ mọ́.

Bóyá ọkàn rẹ kàn kú tipiri ni, tí ayọ̀ kò sí, tí ẹkún kò sí. Wá bẹ́ẹ̀. Aago ọwọ́ rẹ lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí aago méjì sì ti fẹ́ lù níbi tí ọ̀ràn rẹ wà. Níbi tó o jókòó sí yẹn, tẹrí ba. Sọ fún Jésù pé o ti pẹ́. Lónìí yìí, yóò gbà ọ́.