Àsíá Pupa Lẹ́ẹ̀mejì

Àsíá pupa ló kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọwọ́ tó nà án sókè. Ọwọ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì gbọ̀n. Obìnrin tó ni ín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò iyanrìn pẹ̀lú fìlà ńlá lórí, ó ń wo ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n fò jù ní gbogbo pápá náà bí ẹni ń wo ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ọkùnrin náà ń pariwo, àwọn èrò ń bá a pariwo, ṣùgbọ́n obìnrin náà ò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Àsíá pupa ni, kì í ṣe funfun tí wọ́n fi ń sọ pé fífò dára, wọn ò ní ka fífò yẹn.

Lókè níbi tí àwọn oníròyìn ń jókòó sí, ọkùnrin tó rí àsíá náà gbàgbé bírò sẹ́nu. Ẹ̀fúùfù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun náà ń fò, débi pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dìde dúró lórí àga. Orúnkún rẹ̀ ló já a kulẹ̀. Láti ọdún mẹ́jọ báyìí, òun ló ń kọ ojú ìwé eré ìdárayá nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú. Orúkọ rẹ̀ máa ń wà lókè, àwòrán rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, àwòrán àtijọ́ tí irun orí rẹ̀ ṣì pé.

Obìnrin náà wù ú, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n oníròyìn ni, oníròyìn kì í sì í jẹ́ kí ohun tó wù ú dí ohun tó fẹ́ kọ lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó kọ ọ́ pé òun rí i kedere láti ibi tí òun jókòó sí pé ẹsẹ̀ ẹni tó fò náà ò kọjá pátákó tí wọ́n ń tẹ̀ fò, àti pé ó yẹ kí ẹni tó gbé àsíá pupa lọ yẹ ojú ara rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin náà wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wá, ó gbé àpótí pẹlẹbẹ kan há abíyá.

“Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ yẹ ojú mi wò?”

Olóòtú wọn, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í fi ìran ṣeré, fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

“Èmi ni, mà,” ni Ẹ̀fúùfù dáhùn.

Obìnrin náà ṣí àpótí. Igi pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi amọ̀ rírọ̀ bò lójú. Irú igi yìí ni wọ́n máa ń tẹ́ síwájú pátákó tí àwọn tó ń fò máa ń tẹ̀. Bí bàtà bá fi bíńtín kọjá, amọ̀ á gba àmì. Àmì náà sì rèé, imú bàtà gedegbe.

“Ẹ fọwọ́ kàn án. Òkè lẹ̀yin wà, ìsàlẹ̀ lèmi wà. Amọ̀ yìí ò sì mọ ẹni tó lókìkí.”

“Ẹ má bínú, mà. Màá tún un kọ.”

Ó tún un kọ lóòótọ́: ìlà méjì, nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, obìnrin náà tún dé.

“Odidi ojú ìwé lẹ fi bú mi, ìlà méjì lẹ fi bẹ̀ mí. Àbí ọṣẹ yẹn lẹ ní kí n fi fọ orúkọ mi?”

Olóòtú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa Ẹ̀fúùfù náà, ojú sì ń tì í. Ó ní òun á kọ odidi ojú ìwé, bí obìnrin náà bá lè jẹ́ kí òun wá wo iṣẹ́ rẹ̀ ná. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni obìnrin náà nílé ìwé kan, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń ṣe iṣẹ́ àsíá. Ó kọ́ Ẹ̀fúùfù bí wọ́n ṣe ń mú iyanrìn tẹ́jú, bí wọ́n ṣe ń na okùn ìwọ̀n láìjẹ́ kó dẹ̀. Ojú ìwé tó kọ nípa rẹ̀ dùn débi pé àwọn èèyàn gé e pamọ́. Iṣẹ́ tó ní òun wá wò ti parí, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ò yé wá sí pápá. “Ẹ” di “ìwọ” láàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí padà.

“Alásíá mi, jẹ́ kí èmi náà fò ó lẹ́ẹ̀kan, kí o wò mí.”

“Pẹ̀lú orúnkún yẹn? Jókòó jẹ́ẹ́, bàbá arúgbó.”

“Ta ni bàbá arúgbó? Èmi Ẹ̀fúùfù?”

“Ẹ̀fúùfù tó ń mí hẹlẹ tó bá gun àtẹ̀gùn! Olólùfẹ́ mi, ìwọ kọ̀wé, èmi á máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń fò.”

Inú Ẹ̀fúùfù dùn lóṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń fẹ́ra ju ìgbà tí wọ́n ń dìde fún un lórí àga lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni obìnrin náà máa ń sọ pé, “Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí,” ọkùnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá gbogbo ayé lẹ́nu wò yìí ò sì béèrè rí pé ta ni bàbá náà.

Ọjọ́ tí wọ́n jọ lọ sílé bàbá náà ló mọ̀. Bàbá jókòó síwájú ilé, ó ń ká okùn ìwọ̀n kan. Bó ṣe gbójú sókè, Ẹ̀fúùfù dá a mọ̀: ẹni tó kọ́ ọ ní fífò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni.

“Kóòṣì,” ló sọ.

Bàbá na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó mú àsíá pupa kan tó ti ṣá, ó gbé e sókè. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí ojú bàbá rẹ̀, ẹ̀rín náà kú.

“Bi í pé ta ló kọ lẹ́tà,” ni Bàbá wí, ó sì wọlé lọ.

Ẹ̀fúùfù jẹ́wọ́ fún obìnrin náà lójú ọ̀nà, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje àṣekágbá tó dé ni orúnkún ti ń dùn ún. Kóòṣì rí i pé ó ń tiro díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í pé, “Ṣé orúnkún ẹ dára?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dáhùn pé ó dára, sà. Ó tiẹ̀ fò sókè níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa yọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fò tán lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n gbé e kúrò nínú iyanrìn ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn pé kóòṣì òun fipá mú òun fò. Kò fi orúkọ sí i. Kọ́lẹ́ẹ̀jì lé Kóòṣì láì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́tà náà sì dùn ún kà débi pé olóòtú wá ẹni tó kọ ọ́ kàn, ó sì fún un níṣẹ́.

“Ọjọ́ tí mo kọ ọ́, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Inú ń bí mi, mo sì ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi gbà á gbọ́.”

“Bàbá mi ò wọ pápá mọ́ láti ọjọ́ yẹn,” ni obìnrin náà wí. “Inú rédíò ló ti ń gbọ́ ìdíje, á gbé àsíá dání nínú pálọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi í pé ta ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, á ní ọmọdé kan ni.” Ó nu ojú. “Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Òun ló ń dùn mí jù.”

Ó yí padà sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò gbé ìpè Ẹ̀fúùfù.

Ní Sátidé kan, Ẹ̀fúùfù dá lọ bẹ Bàbá. Bàbá jẹ́ kó wọ pálọ̀, ó jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tán, ó wá gbé àsíá pupa.

“Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Ojú gbogbo ayé lo ti bà mí lórúkọ jẹ́, inú pálọ̀ lo ti wá ń bẹ̀ mí. Fífò kejì nìyẹn. O mọ̀ pé mẹ́ta la máa ń fún èèyàn.”

Ẹ̀fúùfù padà sí ọ́fíìsì, ó sì kọ gbogbo òtítọ́ náà fún ojú ìwé rẹ̀. Nígbà tí olóòtú kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Tí èyí bá jáde, ọ̀gá wa máa gba ojú ìwé yìí lọ́wọ́ ẹ. Èmi náà á gba tèmi, nítorí èmi ni mo tẹ lẹ́tà yẹn láì béèrè.”

“Mo mọ̀, mà.”

Ìyá náà mú pẹ́ńsù. “O kọ ‘bóyá mo tan kóòṣì mi jẹ’ síbí. Ṣé bóyá ni?”

“Rárá, mà.”

Ó fa ìlà lórí “bóyá”. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tún ṣe nìyẹn.

Ojú ìwé náà jáde lọ́jọ́ Àìkú láìsí ìpolówó kankan lórí rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá ti pè: láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èsì ìdíje àwọn ọmọ ilé ìwé ni Ẹ̀fúùfù á máa kọ, kò sí orúkọ, kò sí àwòrán. Ó dùn ún. Kò sì sọ fún ara rẹ̀ pé kò dùn ún. Ó wọ bàtà, ó forí lé ilé Bàbá.

Bàbá wà níwájú ilé, ìwé ìròyìn tẹ́ lórí itan rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú díẹ̀. Ẹ̀fúùfù dúró níta géètì, kò wọlé.

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, ó wá dá ojú dúró síbì kan.

“Ṣé orúnkún ẹ dára?”

Ìbéèrè àtijọ́ yẹn gan-an ni, ohùn àtijọ́ yẹn náà ni.

“Kò dára, sà. Ó máa ń dùn mí lójoojúmọ́. Ó ti ń dùn mí kí n tó fò.”

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó mú àsíá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, pupa àti funfun, ó nà wọ́n sí ọmọ rẹ̀.

“Gbà. Èmi ti fẹ̀yìn tì. Ìwọ lo wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Obìnrin náà gbà wọ́n. Ó rìn dé géètì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ Ẹ̀fúùfù fínnífínní bí ẹni ń wo amọ̀.

“Alásíá mi, mi ò ní ojú ìwé mọ́, mi ò sì ní orúkọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?”

“O ti pariwo jù fún ẹni tó ń dúró de ìdájọ́,” ló sọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rín. Ó dìde, ó na ọwọ́ sókè, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń gbọ̀n. Funfun ni àsíá tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀fúùfù di ọwọ́ náà mú pẹ̀lú àsíá rẹ̀, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kúrò nínú oòrùn,” ni Bàbá ké láti iwájú ilé. Ó ti ká ìwé ìròyìn, ó sì ti fa àga kejì sún mọ́ tirẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, gbé orúnkún yẹn wá kí n wò ó.”