Ìró Tó Ṣáájú Alùpùpù Délé

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, orí wọn sì pé. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Inú yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí àgbàlá. Ọkọ rẹ̀ ń fi alùpùpù gbé oògùn láti ilé ìwòsàn ńlá lọ sí àwọn kéékèèké tó wà káàkiri àwọn abúlé. Kìípẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òjò ì báà máa rọ̀, oòrùn ì báà máa ta, bó bá ti ní aago mẹ́wàá lòun ń bọ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù ni nọ́ọ̀sì á ti máa gbúròó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ní tirẹ̀ kì í pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ. Abẹ́rẹ́ ló ń pè é. Ó ní ó rí tín-ín-rín, ó mú, kò sì sóhun tó ya tí kò lè rán padà. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń gbé nílé ìwé, nítorí náà àwọn méjèèjì nìkan ló máa ń wà nílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí, Abẹ́rẹ́ gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì alùpùpù náà. Kò tíì le nígbà náà. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń fi èékánná kan ìgò. Tín, tín, tín. Ẹni tó ti fi ogún ọdún jókòó ti máṣíìnì, etí rẹ̀ kì í ṣe etí lásán.

"Alùpùpù rẹ ń sọ̀rọ̀," ó wí.

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní ara òun ò yá."

Kìípẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bá mi sọ fún un pé oògùn ló gbé sẹ́yìn."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìró náà yí padà. Tín di kọ̀. Kọ̀, kọ̀, kọ̀-kọ̀. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá títì gbọ́ ọ nígbà tó ń kọjá, ó sì dá a dúró. Ó ní kó gbé e wá. Ó ní ẹ́ńjìnnì tó bá ti ń nọ́ọ̀kì, tó ń kan kọ̀-kọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í dákẹ́ fúnra rẹ̀, àfi lọ́jọ́ tó bá fẹ́ dákẹ́ pátápátá. Kìípẹ́ ní òun á gbé e wá lópin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò oògùn àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ ni, oògùn inú kúlà oníyìnyín kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ dúró ná. Ìparí ọ̀sẹ̀ dé, ó sì kọjá.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, inú bí Abẹ́rẹ́. Kì í pariwo bí inú bá ń bí i. "Ẹ" ló máa ń lò fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Kìípẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, akoto wà lábẹ́ apá rẹ̀. "Abẹ́rẹ́, ṣé mo ti di ẹ̀yin?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó dojú kọ aṣọ tó ń rán. Ọkọ rẹ̀ dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé alùpùpù jáde. Kọ̀, kọ̀, kọ̀-kọ̀, títí dé ìpẹ̀kun àdúgbò. Ìgbà tí kò gbọ́ ọ mọ́ ló tó rántí pé òun ò sọ pé ó dàbọ̀. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kò sọ kò ṣeé sáré lé bá.

Aago méjì ọ̀sán ku díẹ̀. Àkókò yẹn máa ń dákẹ́ ní àdúgbò wọn. Àwọn ọmọdé wà nílé ìwé, àwọn àgbà wà níbi iṣẹ́, ewúrẹ́ pàápàá ti wá ibòji sùn sí. Abẹ́rẹ́ ń ká etí aṣọ fèrèsé kan tí wọ́n fẹ́ wá gbà lọ́jọ́ kejì. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì láti já òwú.

Ó wá gbọ́ ọ.

Ó jìnnà ná. Kọ̀, kọ̀, kọ̀-kọ̀. Ó ń bọ̀. Ó yà wọ àdúgbò, ó wọ àgbàlá, ó dúró lábẹ́ fèrèsé. Ẹ́ńjìnnì kú. Ó ń gbọ́ bí irin gbígbóná ṣe ń tutù, ta, ta, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó hàn.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí, kò gbójú sókè.

Ó já òwú náà.

"Oúnjẹ wà lórí tábìlì."

Ó ń retí ìró bàtà. Kò gbọ́ ọ. Ó ń retí ìgbà tí akoto á kan ògiri. Kò kàn án.

"Bí ẹ ò bá fẹ́ dáhùn, ẹ má dáhùn."

Ó gbójú sókè wo fèrèsé. Kò sí nǹkan kan ní àgbàlá.

Ó jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló gbá ilẹ̀ náà láàárọ̀, ipa ìgbálẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ gbọnrangandan. Kò sí ipa táyà. Kò sí ipa ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn epo tó jóná wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹní téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀.

"Ìyàwó."

Dẹ́rẹ́bà Àgbà ni, bàbá tó ń gbé lódì kejì ọgbà, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gbé dígí kọ́ ara ògiri, ó ń fá irùngbọ̀n. Ọṣẹ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan.

"Ọkọ rẹ tètè dé lónìí. Sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń kú lọ."

"Bàbá, ẹ gbọ́ ọ?"

"Ta ni kò ní gbọ́ ọ? Ẹ̀yìn mi ló gbà kọjá."

"Ṣé ẹ rí i?"

Bàbá náà wo àgbàlá tó ṣófo, ó wo ojú obìnrin náà.

"Mo kẹ̀yìn sọ́nà ni," ó wí.

Ìgbà yẹn ni ìró náà tún bẹ̀rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀. Kọ̀. Ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí ẹnu géètì, bí ẹni tó ń fa ọmọ lọ́wọ́. Ó dé ibẹ̀, ó dúró. Kò kú. Ó ń dúró dè wọ́n ni.

Abẹ́rẹ́ pe fóònù ọkọ rẹ̀. Kò wọlé. Ó pe nọ́ọ̀sì abúlé tó lọ kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ní aago méjìlá ni Kìípẹ́ ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Ìrìn ogójì ìṣẹ́jú péré ni.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ọṣẹ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Wọ bàtà rẹ," ó wí. Ó lọ gbé mọ́tò.

Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé mọ́tò sílẹ̀. Wọ́n rọra ń tẹ̀ lé e. Bí ariwo mọ́tò bá ti bò ó mọ́lẹ̀, bàbá á pa ẹ́ńjìnnì, wọn á tẹ́tí. Kọ̀, kọ̀, níwájú. Wọ́n á tún máa lọ. Wọ́n kọjá ilé epo. Wọ́n kọjá ilé ìwé. Àwọn tó wà lẹ́bàá títì kò yíjú. Ṣùgbọ́n àwọn ewúrẹ́ mẹ́ta kan sùn sí àárín ọ̀nà, wọ́n dìde fún un, wọ́n tún padà sùn. Wọ́n sì tún ní láti dìde fún mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà rí ìyẹn. Abẹ́rẹ́ náà rí i.

Wọ́n dé oríta kan níbi ilé búlọ́ọ̀kù tó ti wó. Ìró náà dákẹ́.

Bàbá pa mọ́tò. Kò sí afẹ́fẹ́. Kò sí ẹyẹ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú wọn. Tààrà ni ọ̀nà ńlá tí Kìípẹ́ máa ń gbà. Ti ọwọ́ òsì lọ sétí odò. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀nà àtijọ́ tí koríko ti gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Abẹ́rẹ́ di ilẹ̀kùn mú.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde nínú mọ́tò náà.

"Ọwọ́ ọ̀tún."

Dẹ́rẹ́bà Àgbà yí ọwọ́ mọ́tò sọ́tùn-ún.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi rí ìlà dúdú tí táyà fà sórí ọ̀dà, gígùn bí okùn. Ẹ́ńjìnnì ti há lójijì lórí eré, ó sì ti di táyà ẹ̀yìn mú. Alùpùpù náà wà nínú koríko, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Abẹ́rẹ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bó ṣe ń sáré kọjá. Ó tutù bí omi àmù.

Inú kòtò gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ ni Kìípẹ́ wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ṣòkòtò rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ti fọ́ sára òkúta. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Abẹ́rẹ́," ó wí. "Kí ló dé tí o kò ránṣọ mọ́?"

"Kí lo wí?"

"Máṣíìnì rẹ. Létí mi níbí ló wà látìgbà tí mo ti ṣubú. Bí oorun bá ti fẹ́ gbé mi lọ, yóò tún bẹ̀rẹ̀, mi ò lè sùn. Àfi bó ṣe dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí."

Abẹ́rẹ́ tú ìborùn rẹ̀, ó fi di itan ọkọ rẹ̀ pinpin lókè ibi tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń so ó le.

"Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mò ń gbé e lọ," Kìípẹ́ wí. "Mo ní kí n gba ibí, kí n lè tètè débẹ̀. Kí n tó bá ọ nílé."

"Mo ti gbọ́. Dákẹ́."

"Ṣé mo ṣì jẹ́ ẹ̀yin?"

"O ti di ìwọ," ó wí. Ó gbé orí rẹ̀ lé itan. "Ìwọ ni. Má sùn."

Òun àti Dẹ́rẹ́bà Àgbà ló gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò. Orí ìjókòó yẹn ló dùbúlẹ̀ sí títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní ká ní ó sùn lọ nínú kòtò yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ ni, òun kì bá tí rí i bá sọ̀rọ̀. Wọ́n to egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n dì í, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé fún oṣù mẹ́ta.

Mẹkáníìkì lọ gbé alùpùpù náà, ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò bá epo ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀. Písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ara ilé rẹ̀, òòlù kò mú un kúrò. Ó wá bá Abẹ́rẹ́ nílé, ó jókòó, ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Aago mélòó lẹ ní ó ṣubú?"

"Kò tíì tó aago kan."

"Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní nǹkan bí aago méjì. Mo mọ ìró yẹn. Inú tilẹ̀ bí mi pé kò yà." Ó dé fìlà rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè tọ́jú ẹ́ńjìnnì yẹn sọ́dọ̀ mi. Mo ti rì í mọ́lẹ̀."

Abẹ́rẹ́ kò bá a jiyàn.

Oṣù kan ti lé lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí Dẹ́rẹ́bà Àgbà yà kí wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kìípẹ́ ti sùn nínú yàrá. Bàbá àti Abẹ́rẹ́ jókòó sí ìta, wọ́n ń sọ nǹkan tí kò tó nǹkan. Oòrùn ń wọ̀.

"Etí rẹ mú, ọmọ mi," bàbá wí. "Níbi oríta yẹn, tààrà ni ǹ bá gbà. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ tó o ní ọwọ́ ọ̀tún."

Abẹ́rẹ́ yíjú sí i. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Èmi kọ́."

"Mi ò la ẹnu níbẹ̀ rárá. Mi ò tiẹ̀ lè mí. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mo gbọ́ ọ."

"Mo ti ń dúró dè ọ́ kí o sọ ibi tí a ó gbà," bàbá wí. "Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo yà."

Nínú ilé, Kìípẹ́ yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó mí kanlẹ̀.

"Irú ohùn wo lo gbọ́?" bàbá bèèrè.

Abẹ́rẹ́ rò ó. "Ohùn ẹni tó ti rẹ̀," ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n kò bínú."

Bàbá mi orí. Ohun tí òun náà gbọ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ tó fi dìde, ó ní ó dàárọ̀. Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó lọ. Bàbá kò kọ́kọ́ wọlé. Ó lọ síbi tí mọ́tò rẹ̀ wà, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tẹrí wo ìjókòó ẹ̀yìn tó ṣófo náà, tí kò sẹ́ni tó jókòó sí i nígbà tí wọ́n wà ní oríta, fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ẹni tó ń sùn.