Ẹni Tó Jáde Lọ Gbẹ̀san Ikú Àbúrò Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, bóyá inú ń bí ọ. Bóyá ẹni tó ṣe ọ́ níbi ń jẹ, ó ń mu, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó mú un. N kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò tó dunni. Jókòó, kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Olúdélé.

Ọmọ Ìkirè ni Olúdélé. Irin ló ń tẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé ní Ajah. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Abíọ́nà, tí í ṣe ọlọ́pàá. Lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, òun ló tọ́ ọ dàgbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Abíọ́nà wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà tó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọ olówó kan, Ọláyọdé, ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ láti òde àríyá kan létí òkun Oniru. Ọtí wà lójú rẹ̀. Ó já sí ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó dojú kọ àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀. Abíọ́nà na ọwọ́ pé kó dúró. Kò dúró. Ó gbá a, ó sì sá lọ.

Abíọ́nà kò kú lọ́jọ́ náà. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló fọ́. Ó dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn títí òjò fi lọ, tí ọyẹ́ fi dé, ó ń gbẹ lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ tuntun. Wọ́n mú Ọláyọdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Abíọ́nà fi máa kú, wọ́n ti gba onídùúró rẹ̀, ó ti wà nílé rẹ̀ ní Ìkátẹ̀. Ẹjọ́ náà kò lọ, kò bọ̀. Lónìí, adájọ́ kò wá. Lọ́la, ara agbẹjọ́rò kò yá.

Inú Olúdélé di iná. Ó kọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run tó ń wò nígbà tí wọ́n gbá àbúrò òun bí ẹni gbá ajá, Ọlọ́run àwọn olówó ni. Rẹ̀míláyọ̀, opó Abíọ́nà, máa ń bá a sọ̀rọ̀ Jésù. Olúdélé kìlọ̀ fún un pé kó má dárúkọ yẹn létí òun mọ́. Ó sì búra pé òun yóò pa Ọláyọdé.

Nígbà tí ikú Abíọ́nà pé ọdún kan, wọ́n ṣe ìrántí rẹ̀ nínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì. Àwọn ọ̀gá tí kò yọjú sí i rí nígbà tó ń jẹ̀rora ló wá ń pè é ní akọni. Olúdélé jókòó, ó ń payín keke. N kò ní purọ́ fún ọ: ìbínú yẹn nídìí. Ohun ìtìjú ni àwọn ènìyàn náà ṣe. Ṣùgbọ́n ìbínú tó nídìí náà ń pànìyàn.

Àlùfáà kò tíì ṣe àmín tí Olúdélé fi dìde. Ó lọ sí sáìtì, ó mú ọ̀pá irin kan, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ìkátẹ̀.

Mégáàdì ló bá lẹ́nu géètì, bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Ràṣídì. Bàbá ní ọ̀gá òun kò sí nílé. Olúdélé ní irọ́ ló ń pa. Bàbá bá na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

“Ọ̀gá mi, ẹ má bínú,” ló wí. “Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe.”

Olúdélé gbé irin sókè, ó là á mọ́ ọn lórí. Bàbá Ràṣídì ṣubú lulẹ̀, kò sì mira mọ́. Ọláyọdé kò sí nílé lóòótọ́.

Àwọn ará àdúgbò dì í mú, wọ́n lù ú, wọ́n sì pe ọlọ́pàá. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ ti bá Abíọ́nà ṣiṣẹ́ rí. Ó wo ojú rẹ̀, ó mi orí.

Ní ọjọ́ kejì, Rẹ̀míláyọ̀ wá sí àtìmọ́lé. Ọ̀dọ̀ bàbá yẹn ló ti kọ́kọ́ lọ lọ́sibítù. Kò kí Olúdélé. Ó dúró níwájú irin àtìmọ́lé.

“Bọ̀ọ̀dá, ọkọ mi na ọwọ́, wọ́n gbá a. Bàbá yìí na ọwọ́, ẹ lù ú. Ẹ sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ fún mi.”

Olúdélé ní inú ló bí òun.

“Inú ń bí èmi náà,” ni Rẹ̀míláyọ̀ wí. “Èmi ni mò ń dá sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ta sílẹ̀ yẹn, ẹ má fi orúkọ ọkọ mi bò ó. Tiyín ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí Ọláyọdé mọ́ nígbà tó pajú dé. Ara rẹ̀ ló rí. Ó bi Rẹ̀míláyọ̀ bóyá Ọlọ́run lè gbọ́ irú òun. Obìnrin náà sọ fún un pé wọ́n pa Ọmọ Ọlọ́run pàápàá láìṣẹ̀, pé ó gbàdúrà fún àwọn tó kàn án mọ́gi, àti pé ikú yẹn ló san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ apànìyàn tó bá ronú pìwà dà.

Olúdélé kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. “Olúwa,” ló wí, “mo ti di ẹni tí mo kórìíra. Jésù, gbà mí.” Ó sọkún bí kò ti sọkún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀.

Bàbá Ràṣídì kò kú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́. Nílé ẹjọ́, Olúdélé ní òun jẹ̀bi, kò wá àwáwí, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó jáde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Bàbá ní òun ti gbọ́, kó ṣì máa lọ ná. Olúdélé gbà bẹ́ẹ̀, ó ń lọ, ó sì ń padà wá. Ẹjọ́ Ọláyọdé kò tíì parí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jókòó lé e lórí ni Olúdélé ń wà níbẹ̀, ó ń béèrè ìdájọ́ òdodo láìfi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn bo tìrẹ mọ́lẹ̀, tí o rò pé nítorí wọ́n ṣe ọ́ níbi, ìwọ kò lẹ́bi? Ta ló tàn ọ́ jẹ? Ọlọ́run yóò pe ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ lẹ́jọ́, kò ní gbàgbé. Yóò pe ìwọ náà. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò sí lọ́hùn-ún, kò sí onídùúró, àfi Jésù nìkan, ó sì ń pè ọ́ lónìí.

Níbi tí o wà yìí, dárúkọ ẹni tí o kórìíra níwájú Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, dárúkọ ara rẹ.