Ẹni Tí Yóò Di Okùn Mú

Bàtà kan já bọ́ láti òkè, ó bà lé tábìlì Aránbàtà gbì, ó da agolo gọ́ọ̀mù nù, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí àlejò tó ti rìn jìnnà. Bàtà yẹn ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wò, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n wò nìyẹn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbójú sókè.

Obìnrin kan ló rí, tó rọ̀ sórí okùn lára ilé gíláàsì gíga tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń fi kànrìnkànrìn fọ fèrèsé. Oòrùn àárọ̀ ń tàn lára omi ọṣẹ. Ẹsẹ̀ kan wà nínú bàtà, èkejì wà níhòòhò, àwọn ọmọ ìka rẹ̀ sì ń jó sí orin tí olówó wọn ń kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá!" obìnrin náà ké. "Ṣé kò bà yín?"

"Kò bà mí! Òun fúnra rẹ̀ ló kú!"

"Ẹ bá mi jí i dìde, mò ń bọ̀!"

Ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí alántakùn. Alántakùn náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọkàn Aránbàtà ń gòkè, kí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yìí sì tó kan ilẹ̀, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró wo pátákó tí wọ́n kọ iṣẹ́ Aránbàtà sí. Ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n kàn án mọ́, kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ.

"Kí ló dé tí pátákó yín jókòó sílẹ̀ báyìí? Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá já, ṣé òkè ló máa wò ni? Ilẹ̀ kọ́ ló ń wò?"

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ìdáhùn náà dára, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òòyì ń kọ́ Aránbàtà bó bá gun orí àga lásán. Gílóòbù tó bá kú nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ̀ tó ń tún síìpù àpò ṣe nínú lọ́hùn-ún ló ń gun àpótí lọ pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí ìyá náà.

Ó gbé bàtà náà sórí itan, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò níbi gbogbo. Alántakùn ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ bàtà àpáta dáadáa o. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń gun àpáta ni?"

Ibi tó yẹ kó ti sọ pé rárá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọkùnrin tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ta ló lè fi ìjánu sí i?

"Òkè wo ló wà tí mi ò tíì gùn?" ni Aránbàtà wí.

Nínú lọ́hùn-ún, ìyá rẹ̀ wúkọ́ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí bàtà Alántakùn tó tún ní àlàáfíà. Bí tòní ò bá tú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tọ̀la á já ní okùn.

"Bàtà yìí ò ṣàìsàn," Aránbàtà á wí.

"Ó ṣàìsàn. Ẹ tún un wò dáadáa."

Alántakùn wá ń jẹun ọ̀sán lórí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Láàárọ̀, bó bá ti wà lókè lórí okùn, á fi fóòmù ọṣẹ ya bàtà sára gíláàsì, á dúró díẹ̀ kí ọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn lè rí i, á sì nù ún kúrò. Aránbàtà á fi hámà kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì láti fi dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Iṣẹ́ náà pọ̀."

Ọ̀sán kan ni Alántakùn tú àṣírí ọkàn rẹ̀. Ìlú kan wà láàárín àwọn òkè, tí àwọn èrò ìrìn-àjò afẹ́ máa ń wọ́ lọ bí ẹ̀rùn bá dé. Àpáta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Èjìká. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí pé àwọn méjèèjì á jọ lọ gùn ún. Bàbá yìí ló kọ́ ọ ní okùn, òun náà ló ń dúró tì í lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti ká àwọn ìka rẹ̀ kò báyìí, bíi gbòǹgbò atalẹ̀.

"Ènìyàn kì í dá àpáta yẹn gùn," ó wí. "Ẹnì kan ní láti dúró nísàlẹ̀ di okùn mú, kí n má baà fọ́ bí ẹsẹ̀ mi bá yọ̀. Mi ò tíì rí ẹni náà." Ó wo ojú Aránbàtà. "Àbí mo ti rí i?"

"O ti rí i," ni Aránbàtà wí. Ó tẹ orí ba, ó ń fi hámà kan bàtà tí kò bàjẹ́.

Ètò ìrìn-àjò bá bẹ̀rẹ̀ nílé bàbá ọmọbìnrin náà. Wọ́n tẹ́ àwòrán ìlú òkè yẹn sórí tábìlì, wọ́n fi ife tíì tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí bọ́ọ̀sì, wọ́n jiyàn lórí òtẹ́ẹ̀lì. Alántakùn fẹ́ yàrá òkè pátápátá, kó lè máa wo Èjìká látorí ibùsùn.

"Yàrá ìsàlẹ̀ ló dáa," ni Aránbàtà ń wí. "Ó máa ń tutù."

"Ìlú òkè! Ṣé ooru wà níbẹ̀ ni?"

"Ta ló mọ̀?"

Bó bá délé, ìyá rẹ̀ á máa wò ó bí ó ṣe ń jẹun láìmọ adùn oúnjẹ. Ní alẹ́ kan ìyá náà ní, "Ọmọ mi, irọ́ lo fi gòkè. Kí ni wàá fi sọ̀ kalẹ̀?"

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí ètò, bàbá Alántakùn dìde, ó wọ yàrá, ó sì mú ìbọ̀wọ́ aláwọ kan jáde. Okùn ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ó fi ń dán.

"Ìbọ̀wọ́ yìí ni mo fi di ọmọ mi mú láti kékeré. Mi ò jẹ́ kó kanlẹ̀ rí. Mo gbé e fún ọ."

Aránbàtà gba ìbọ̀wọ́ náà. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó rọra gbé e padà sórí tábìlì, ó sì wólẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ gba ìbọ̀wọ́ yín. Mi ò gun òkè kankan rí. Mi ò gun àkàbà rí. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ yín."

Alántakùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ká ní o parọ́ fún mi pé o lówó, ẹ̀rín ni ǹ bá rín. Ká ní o purọ́ pé o lè jó, mi ò ní bínú. Ẹ̀mí mi ni mo fẹ́ so mọ́ irọ́ yìí, Aránbàtà. Ẹ̀mí mi."

Ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò gbá a. Ìyẹn gan-an ló dun ọkùnrin náà jù.

Bàbá wo ọ̀dọ́kùnrin tó dọ̀bálẹ̀ náà pẹ́. "O ì bá ti dákẹ́, kó o máa lọ. Kí ló dé tí o fi sọ ọ́?"

"Ìbọ̀wọ́ yẹn wúwo, bàbá."

Lẹ́yìn èyí, ẹnikẹ́ni ò ya bàtà sára gíláàsì mọ́. Àpótí kékeré náà ṣófo lọ́sàn-án. Aránbàtà fi hámà gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó dun òun. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé bàbá yẹn lọ.

"Bàbá, mi ò wá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ yín. Mo wá kí ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di okùn mú."

"Bí kò bá tún bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé ńkọ́?"

"Á ṣì nílò ẹni tó máa dì í mú."

Bàbá bá so àpò iyanrìn rọ̀ sára igi òrùlé tó yọ síta ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń kọ́ ọ. Okùn á gba inú irin kékeré kan tó wà níbi ìgbànú. Ọwọ́ òkè ń tọ́ okùn sọ́nà, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ló ń dì í mú.

"Ọwọ́ ìsàlẹ̀ kì í fi okùn sílẹ̀," bàbá á wí. "Bí eṣinṣin bà lé ọ nímú, kó máa gbé ibẹ̀. Bí ilé ń jó, jẹ́ kí ẹlòmíì pariwo."

Bàbá á da omi sí i lọ́rùn lójijì. Á ní, "Wo ejò lẹ́sẹ̀ ẹ!" Á já àpò iyanrìn sílẹ̀ láìsọ. Lákọ̀ọ́kọ́, àpò ń bọ́ gbì sílẹ̀, ojú á sì ti akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá, kò bọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, aṣọ fèrèsé kan a máa mì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ò sì fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí. Alántakùn jáde pẹ̀lú ìgbànú okùn nídìí. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú àpò iyanrìn kúrò, ó so ara rẹ̀ síbẹ̀.

"Àpò ò lẹ́nu," ó wí. "Kò lè sọ bóyá o dì í mú dáadáa. Èmi lẹ́nu." Ó kọjú sí ògiri, ó wá béèrè ohun tí gbogbo ẹni tó ń gun àpáta gbọ́dọ̀ béèrè kó tó gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀: "Ṣé o dì mí mú?"

Aránbàtà di okùn mú ṣinṣin. "Mo dì ọ́ mú. Máa lọ."

Ó gùn dé abẹ́ òrùlé. Láìwẹ̀yìn, láìsọ nǹkan kan, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Okùn le gan-n-ran. Obìnrin náà ń fì lójú afẹ́fẹ́, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ò sì mì.

"Inú ṣì ń bí mi o," ó wí látòkè.

"Mo mọ̀."

"Ó máa pẹ́ kó tó tán."

"Mo wà níbí."

Ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri. "Sọ̀ mí kalẹ̀, ká lọ mú yàrá."

"Yàrá ìsàlẹ̀?"

"Yàrá ìsàlẹ̀, ojo!" Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí i dí.

Àwọn mẹ́rin ló wọ bọ́ọ̀sì, nítorí ìyá Aránbàtà ní òun ò lè jókòó sílé kí wọ́n máa fi ọmọ òun so okùn. Ìrọ̀rí méjì àti ìkòkò kan ló dì lẹ́rù. Òun náà ló pín yàrá: obìnrin sí ọ̀kan, ọkùnrin sí èkejì, kò sì gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ Èjìká, àpáta náà yọrí sókè nínú ìkùukùu òwúrọ̀, ó tóbi débi pé ìyá Aránbàtà kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Aránbàtà wọ ìbọ̀wọ́ bàbá. Bàbá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o dì mí mú?"

"Mo dì ọ́ mú. Máa lọ."

Alántakùn ń gòkè, ó ń fi ìkọ́ irin sínú àpáta bó ṣe ń lọ, ó ń gba okùn rẹ̀ kọjá níbẹ̀. Ó kéré, ó tún kéré sí i. Ibi tí àpáta náà ti yọ ikùn síta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀.

Ó ṣubú. Okùn sáré, ó fa ọkùnrin ìsàlẹ̀ yìí, tí ara rẹ̀ ò sì tó nǹkan, ó fà á kúrò nílẹ̀ fìì! Ọkùnrin tí kò gun àkàbà rí wá ń fì lókè orí ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò.

"Ọmọ mi o!" ìyá ké.

"Ọwọ́ ìsàlẹ̀!" bàbá bú ramúramù.

Ọwọ́ ìsàlẹ̀ wà níbi tó wà.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan ti òkè wá, tó ń gbọ̀n, tó sì ń rẹ́rìn-ín: "Aránbàtà! Níbo lò ń lọ?"

"Ibi tí o wà ni mò ń bọ̀!"

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí gidigidi!"

"Ìyẹn dára. Òótọ́ nìyẹn."

"Òótọ́ kan ṣì kù!" Ojú rẹ̀ dì pinpin bó ṣe ń sọ ọ́. "Mo fẹ́ máa dì ọ́ mú títí ayé wa. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó fẹ́ra yín!" ni ìyá wí, ṣùgbọ́n ó ti ń nu ojú.

Alántakùn ń wo okùn tó ti ara rẹ̀ lọ dé ara ọkùnrin náà, tó le, tí kò mì.

"Ṣé o dì mí mú?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Mo dì ọ́ mú."

"Ó dáa, mo gbà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí òkè mi."

Ó tún di àpáta mú, ẹsẹ̀ Aránbàtà sì kan ilẹ̀, ó sì parí òkè náà. Nígbà tó dé orí Èjìká, ó bọ́ bàtà kan, ó ń fì í sí wọn. "Má jù ú o!" Aránbàtà ké.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, wọ́n fẹ́ gbé pátákó ṣọ́ọ̀bù sókè. Alántakùn ti ká apá aṣọ rẹ̀, ó ti mú hámà, àmọ́ ọkọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó wò ó pẹ́ bí ẹni tó ń wo ọ̀tá. Ìyá rẹ̀ yọjú láti inú, síìpù lọ́wọ́.

Aránbàtà gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Àkàbà náà dún. Ó bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì di ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé o dì mí mú?"

"Mo dì ọ́ mú, olówó orí mi. Máa lọ."