Láàrin 'O' àti 'Ẹ'

Ẹ̀rín ni Adémiládé kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹni tó ń rín in. Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 2011, nínú gbọ̀ngàn ọjà Ashton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti lọ ra bátìrì aago. Nídìí àtẹ ìwé àlòkù, obìnrin kan tó wọ kóòtù òjò aláwọ̀ ìyeyè fi ìwé bo ìdajì ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé, "Obìnrin yìí á pa mí lọ́jọ́ kan."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Bátìrì kúrò lọ́kàn Adémiládé.

"Ẹ káàsán, mà," ó ní. "Ta ló fẹ́ pa yín?"

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó rí ọkùnrin gíga kan tó de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ sódì. "Ẹ̀rù ò bà ẹ́ láti bá ẹni tó ń dá rẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀?"

"Ó bà mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé lẹ mú lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Fọláyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Stockport ní èdè Faransé. Èdè Faransé náà ni wọ́n fi kọ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé náà ni Hortense Vauclair.

"O ò lè mọ̀ ọ́n," Fọláyọ̀ ní. "Ní Faransé, ìyàwó ilé ń kà á, dírẹ́bà ń kà á. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń kà á, wọ́n kàn ń fi pamọ́ ni."

"Ẹ sọ ìtàn ẹ̀ fún mi."

"Ó kọ ìwé tó lé ní ogójì. Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò níṣẹ́ ní Saturday, mà."

Bí wọ́n ṣe di ẹni tó ń jọ mu tíì ní ọjà Ashton ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Ọ́fíìsì ilé ìkẹ́rù kan ní Wigan ni Adémiládé ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń sọ fún ọkọ̀ akẹ́rù kọ̀ọ̀kan ibi tó máa lọ. Láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé, kò tíì ka ìtàn àròsọ kankan tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó nínú reluwé ní Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ Hortense ló máa ń rò, bí ẹni ń ro ọ̀rọ̀ ìbátan tó wà lókè òkun.

Ìyá Hortense ń fọṣọ fún àwọn èèyàn ní ìlú etíkun kan. Ọmọ náà kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé títẹ̀, ó di akọ̀wé kékeré ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó ń kọ ìtàn àtìgbàdégbà fún wọn ṣàìsàn. Hortense parí ìtàn náà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn òǹkàwé ò mọ̀ pé ọwọ́ ti yí padà, wọ́n kàn ń kọ̀wé pé ìtàn náà ti wá ń dùn sí i.

"Wọn ò lé e?" Adémiládé béèrè.

"Wọ́n fẹ́ lé e. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn náà ló bẹ̀ wọ́n."

Lẹ́yìn náà ló wá ń kọ ìwé tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ reluwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan sọ pé ìwé rẹ̀ ò ju ohun tí èèyàn ń fi jẹ búrẹ́dì tí á sì gbàgbé. Hortense fèsì pé ẹni tó bá ti rí nǹkan fi jẹ búrẹ́dì, kó dúpẹ́. Ó wá wọ inú eré orí ìtàgé. Eré àkọ́kọ́ ṣubú, àga òfìfo ló ń wò ó. Èkejì, *Ayálégbé Òkè*, ni gbogbo Paris wò, tí wọ́n sì tún padà wá wò.

Ìfẹ́ wọn ò ní ariwo. Kò sẹ́ni tó dákú, kò sẹ́ni tó kọrin lábẹ́ fèrèsé. Kí ọdún tó parí, Adémiládé ti mọ̀ pé bí Sátidé bá dé tí kò rí kóòtù aláwọ̀ ìyeyè yẹn, ọ̀sẹ̀ náà ti bàjẹ́. Fọláyọ̀ náà mọ̀ pé òun ti ń fi bọ́tìnnì kóòtù ọkùnrin náà sílẹ̀ láìtún un ṣe, kí òun lè rí ìdí láti tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá ń dágbére. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò yí padà. Fọláyọ̀ fi ọdún márùn-ún ju Adémiládé lọ, 'ẹ' tó sì fi kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò fi í sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo máa dẹ́kun àtimáa pè mí ní 'ẹ' bí ẹni pé ìyá ìjọ ni mí?"

"Ẹnu mi ò gbà á. Mo dán 'o' wò nínú train láàárọ̀ àná. Gbogbo èèyàn ń wò mí."

Ọ̀rọ̀ yìí náà wà nínú *Ayálégbé Òkè*. Opó kan ló ni ilé, ọ̀dọ́kùnrin kan háyà yàrá òkè. Opó ń bá a sọ̀rọ̀ bí àbúrò, òun ń pọ́n opó lé. Àwọn Faransé ní 'ẹ' tiwọn, wọ́n sì ní 'o' tiwọn, bíi ti Yorùbá. Ní ìparí eré, ọkùnrin náà sọ 'ẹ' kalẹ̀, ó fi 'o' jẹ́wọ́ ìfẹ́ rẹ̀, Paris sì sunkún.

"Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò lè túmọ̀ ẹ̀ láéláé," Fọláyọ̀ ní. "Lọ́dọ̀ wọn, 'you' ni ọba, 'you' náà ni ajá. Ṣùgbọ́n Yorùbá lè gbà á. Mo fẹ́ túmọ̀ ẹ̀."

Nígbà ìrúwé, Adémiládé béèrè bóyá á fẹ́ òun. Fọláyọ̀ ní kó kọ́kọ́ mú òun lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Màmá Roseline Akínlóyè, opó ni, díákónì sì ni ní ìjọ tí Adémiládé ń lọ, tí Fọláyọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́únjẹ dáadáa lọ́jọ́ náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ sọ fún àlejò pé, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gba kóòtù yín." Ẹ̀rín náà kúrò. Ó béèrè ọjọ́ orí Fọláyọ̀. Fọláyọ̀ ò parọ́.

Nígbà tí àlejò lọ tán, màmá pe ọmọ rẹ̀ jókòó. "Ẹ̀gbọ́n ẹni lèèyàn ń pè ní 'ẹ'. Ṣé wọ́n ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni ni? Ilé tí ọkọ bá ti ń pe ìyàwó ní 'ẹ', ta ni olórí ibẹ̀?"

"Mọ́mì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Lọ pe pastor ní 'o' lọ́la, ká wò ó."

Láti ọjọ́ náà, bí Fọláyọ̀ bá kúnlẹ̀ kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, màmá á máa ṣí ìwé orin kiri bí ẹni tó ń wá orin tó sọnù. Adémiládé ní kí àwọn lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù ìjọba, àgbàlagbà sáà làwọn. Fọláyọ̀ kọ̀.

"Bàbá mi ò sí. Ìyá mi ò sí. Mi ò lè wọ ilé tí ìyá tó kù ò ti dáhùn ìkíni mi. Ọkọ nìkan kọ́ ni mo ń wá, Ládé. Mo ń wá ìyá."

Adémiládé rò pé òun lè fi ọ̀rọ̀ kan tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní Stockport, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Fọláyọ̀, ṣé o ti jẹun?"

Fọláyọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta lò ń bá wí?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé, Fọláyọ̀ sunkún, torí ńṣe ló dà bí ìgbà tí àjèjì yá ohùn ẹni tí òun fẹ́ràn lò. Lọ́jọ́ kejì ló sọ fún un pé kó lọ fẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ lè pè ní 'o' láìwúkọ́. Adémiládé ò lọ ibì kankan, ṣùgbọ́n Sátidé dòfo fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìjọ ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lọ́dún 2013, Wùmí tó ń darí àwọn eléré sọ pé eré tí àwọn ń ṣe lọ́dọọdún ti sú òun. Fọláyọ̀ gbé *Ayálégbé Òkè* fún un, ó ti túmọ̀ rẹ̀ tán nínú ìdánìkanwà rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè kan, wọ́n fi ìgbáradì rẹ̀ han àwọn àgbà ìjọ. Adémiládé wà lẹ́yìn, ó ń to àga.

Àwọn àgbà gbádùn eré náà títí tó fi kan ìparí. Ayálégbé kúnlẹ̀ níwájú opó, ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé o gbọ́?"

Gbọ̀ngàn náà mí kanlẹ̀. Bàbá kan béèrè pé, "Kí ni obìnrin yìí ṣe tó fi ń bú u?"

Màmá Roseline ká ọwọ́ lé àyà. "Ọmọ yẹn yájú," ó ní, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ. "Láti àárọ̀ ló ti ń pọ́n obìnrin yìí lé. Ìgbà tó wá fẹ́ gba ọwọ́ ẹ̀ ló di 'o'. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn? Ìgbà tó ń pè é ní 'ẹ' gan-an ló fẹ́ràn ẹ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, kò ṣe é kó. Màmá gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Adémiládé gbé àga dúró lọ́wọ́. Láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn kan sí èkejì, òun àti Fọláyọ̀ wo ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Fọláyọ̀ délé, ó lọ tú àwọn ìwé rẹ̀. Nígbà tí Hortense Vauclair darúgbó, wọ́n fẹ́ gbé *Ayálégbé Òkè* sórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì yí ìparí rẹ̀ padà. Ayálégbé ò fi 'o' jẹ́wọ́ ìfẹ́ mọ́. 'Ẹ' ló fi jẹ́wọ́ ọ. Opó ló wá yí ohùn tirẹ̀, tí òun náà fi 'ẹ' dá a lóhùn. Inú bí àwọn ará Paris. Wọ́n bi Hortense léèrè ìdí, ó ní, "Nígbà tí mo wà léwe, mo rò pé kí èèyàn méjì tó lè dọ́gba, àfi kí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí. Wọ́n lè dọ́gba lókè." Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Fọláyọ̀ ti ń fi ìparí yìí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ní ọjọ́ ogbó ló mú ìyá àgbà rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó mú kálámù, ó sì tún ìparí eré kọ.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ayálégbé kúnlẹ̀, ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ yín." Kò sẹ́ni tó mí kanlẹ̀. Opó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ dìde. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín." Bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí ń wá hánkáṣífù kiri àpò. Nígbà tí ó di Ọjọ́rú, Màmá Roseline pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kó mú Fọláyọ̀ wá jẹun ní Sátidé.

Fọláyọ̀ kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi orí, ó sì yíjú sí ilé ìdáná. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, ọbẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Adémiládé dúró, jọ́ọ̀gì omi lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ bu fún.

"Mo gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn," màmá ní. "Kò sẹ́ni tó tì mí sọ ọ́. Kí ọmọ mi máa pọ́n ọ lé, kò burú mọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo tọ́ ọmọ yìí fúnra mi, bàbá ẹ̀ ti lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn ò ní kà á sí nínú ilé ara ẹ̀. Òun ń pè ọ́ ní 'ẹ', mo ti gbọ́. Ìwọ ńkọ́? Kí ni wàá máa pè é?"

Adémiládé la ẹnu. Ìyá rẹ̀ gbé ìka sókè, ó pa á dé.

Fọláyọ̀ dìde. Ìgbésẹ̀ yìí kì í ṣe ti eré. "Adémiládé," ó ní, "ẹ gbé omi yẹn kalẹ̀. Ẹ jókòó."

Adémiládé bojú wẹ̀yìn, bóyá àlejò mìíràn ti wọlé.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ti bi mí ní ìbéèrè kan látọdún tó kọjá, mi ò tíì dáhùn. Mo máa fẹ́ yín."

Ó gbé jọ́ọ̀gì kalẹ̀, ó sì jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi, kò sì fi pamọ́. "Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ṣeun gan-an."

Màmá Roseline wo àwọn méjèèjì, ó wo ọbẹ̀ tó ti ń tutù. Ó fi gèlè nu ìpéǹpéjú, bí ẹni pé ata ló ta á lójú.

"Fọláyọ̀," ó ní. "Mi ò tíì dá ọ lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Tún mi kí."

Fọláyọ̀ yípo tábìlì, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Dìde, wá jẹun."