Ọmọ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Kan Etí

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó máa búra fún yín nítorí rẹ̀. Ilé náà wà ní Adéwọlé ní Ìlọrin títí di òní, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí géètì ilé-ìwé, obìnrin tó ń gbé inú rẹ̀ kò sì tíì kó kúrò. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ títí. Kò lọ.

Màsúdát ni orúkọ rẹ̀. Aránṣọ ni, olóríkunkun sì ni, kò sì sí èyí tó fi ṣeré nínú méjèèjì. Ní abúlé tí wọ́n ti ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni tíṣà ń yọjú. Bí òjò bá rọ̀, kì í yọjú rárá. Ummu Salamah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti pé ọdún mẹ́fà, kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Kàbírù, àbúrò rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Hamzah ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Kánò, ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Màsúdát bi í pé kíláàsì wo ni sùúrù ń kọ́.

Fúnra rẹ̀ ló wá àdúgbò. Kò béèrè omi, kò béèrè iná. Ẹnu géètì ilé-ìwé ló ń lọ dúró sí nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde. Á dá ọ̀kan dúró, á na bébà tí wọ́n fi di àkàrà sí i, á ní kó kà á. Ní Gàmbàrí, níbi tí agboolé ọkọ rẹ̀ wà, ọmọ àkọ́kọ́ kà á, èkejì kà á, ẹ̀kẹta sá lọ. Nítòsí Ọjà Tuntun, ariwo ọjà kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n kà. Ní Adéwọlé, ọmọ ọdún méje kan kà á tán, ó yí bébà náà padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì béèrè bóyá òmíràn wà. Ọjọ́ náà ni Màsúdát ti pinnu.

Yàrá méjì ló rí gbà, ní iwájú ilé-ìwé náà gan-an. Ó ti ṣófo fún ọdún méjì. Àlhájì Àkànbí tó ni ilé kó kọ́kọ́rọ́ fún un, ó fi ibi ìdàlẹ̀nù hàn án, ó sì ní, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, pé kó máa ti fèrèsé iwájú ní aago méje àbọ̀ àárọ̀. Màsúdát rò pé nítorí eruku ni.

Ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Olúyẹmí, ní kó mú ọmọ wá ní Tọ́sìdeè fún ìdánwò. Ìdánwò àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe níbẹ̀: ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí, á fi kan etí òsì. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn án á padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀rù kò ba Màsúdát. Láti abúlé ni ọwọ́ Ummu Salamah ti ń gba orí ká etí òsì pọ̀ bíi pé kó fà á já. Ní Sátidé, ó wọn apá ọmọ náà fún yunifọ́ọ̀mù alápá gígùn. Láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, íǹṣì mẹ́rìndínlógún.

Ní Mọ́ńdè, ó ṣí fèrèsé gbayawu. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti tò, wọ́n ń kọrin. Aago méje àbọ̀ lù. Ariwo náà dá. Kò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dá ni. Màsúdát ń rí ẹnu àwọn ọmọ tó ń ṣí tó ń pa dé, kò gbọ́ nǹkan kan. Kò gbọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń kọjá níwájú ilé. Kò gbọ́ Kàbírù tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan dúró sí ẹnu géètì. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Aṣọ ilé-ìwé tó wọ̀ ti ṣá, kì í sì ṣe irú èyí tí àwọn tó wà nínú ọgbà wọ̀. Kò wọ bàtà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí, ó ń wá etí òsì. Ọwọ́ náà kò dé e. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó wo fèrèsé Màsúdát, ó sì bá ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Orin àwọn ọmọ tún bẹ̀rẹ̀, láti àárín ọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màsúdát wọ yunifọ́ọ̀mù tí kò tíì rán parí fún Ummu Salamah. Apá aṣọ kọjá ọrùn ọwọ́ ọmọ náà. Màsúdát kì í gé aṣọ ṣì. Ó fa téèpù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀. Ó bínú sí téèpù náà, ó lọ ra òmíràn. Tuntun náà sọ ohun kan náà.

Ní Túsìdeè, ó tún ṣí fèrèsé. Ọwọ́ ọmọ ẹnu géètì ti sún mọ́ etí. Ní Wẹ́sìdeè, kò kù ju ìwọ̀n èékánná kan lọ. Ọjọ́ náà, apá Ummu Salamah di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gbé ọwọ́ gba orí, ìka rẹ̀ dúró lókè etí.

"Màámi, etí mi ti sún," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Màsúdát ju téèpù sílẹ̀. Ó lọ bá Màmá Ayọ̀délé, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ará Ọ̀mù-Àrán, tó ń gbé apá kejì ilé náà. Ẹ̀wà ni ìyá náà ń ṣà. Kò gbé ojú sókè.

"O ṣí fèrèsé yẹn."

"Mo ṣí i, mà. Ta ni ọmọ yẹn?"

"Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà. Bó ṣe ga nígbà náà ló ṣe ga lónìí."

Màsúdát béèrè àwọn tó gbé inú yàrá náà ṣáájú òun. Ìyá náà gbé ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó sọ ọ́. Àwọn yẹn ní ọmọkùnrin kan. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n kó lọ, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ìyá rẹ̀ ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Wọn kò tíì rí ilé-ìwé tó gbà á. Ó ní kí Màsúdát kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Hamzah náà sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù: kí wọ́n máa lọ sí agboolé àwọn ní Gàmbàrí, ilé-ìwé wà níbẹ̀.

"Mi ò lọ," Màsúdát dá a lóhùn. "Èmi ni mo yan ibí. Kò sí ẹni tó máa fi ọwọ́ ọmọ mi wọlé, kí ọmọ mi wá dúró síta."

Màmá Ayọ̀délé bẹ̀ ẹ́ pé, ó kéré tán, kó gé apá aṣọ náà kúrú, kí ọmọ lè rí i wọ̀.

"Mi ò gé e, mà. Ọwọ́ ló máa bá aṣọ, aṣọ kò ní bá ọwọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti maṣíìnì, ó rán apá méjèèjì ní mẹ́rìndínlógún géérégé. Aṣọ ṣẹ́kù. Ibi tó ti ń ká a ló ti rántí bí ọmọ yẹn ṣe wo fèrèsé rẹ̀. Bí oníbàárà tí wọ́n ti gbàgbé ló ṣe wò ó. Inú ń bí Màsúdát, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju aṣọ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ti dúró lẹ́nu géètì oríṣiríṣi nítorí ọmọ. Ó tún aṣọ náà tẹ́, ó gé yunifọ́ọ̀mù kejì. Ó ń sọ̀rọ̀ burúkú bó ṣe ń rán an, ó sì rán an dáadáa.

Ní Tọ́sìdeè, ó gbé Kàbírù fún Màmá Ayọ̀délé, ó mú Ummu Salamah lọ́wọ́, ó sọdá. Aago méje àbọ̀. Ariwo dá. Ọmọ náà ti dúró. Màsúdát na yunifọ́ọ̀mù sí i.

"Èyí ni tìẹ. Ti ọmọ mi, dá a padà."

Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọmọ náà wo apá aṣọ náà, ó wọ̀ ọ́. Màsúdát di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi àmù. Mègádì wolẹ̀ títí wọ́n fi kọjá.

Nínú ọ́fíìsì, wọ́n ń gbọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìró mìíràn lẹ́yìn ohùn wọn. Ìyáàfin Olúyẹmí wo ọmọ kejì, bíírò rẹ̀ sì dúró. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

"Ìyá Ummu, ọmọ kan lẹ sọ."

"Méjì ni mo mú wá."

"Èyí kò lórúkọ."

"Ṣé ẹ ti bi í rí ni?"

 Màsúdát wo ọmọ náà. Ọmọ náà ń wò ó.

"Ẹ kọ Saeedah," Màsúdát ní. "Ẹ kọ ọ́ kí n rí i."

Ọ̀gá kọ ọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì gbé ọwọ́ gba orí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka Ummu Salamah kan etí, ó ká a pọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ariwo ilé-ìwé ya wọlé. Nígbà tí Màsúdát yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Aṣọ náà kò sí nílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì tutù.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó rí ọmọ kankan lẹ́nu géètì ní aago méje àbọ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà kíláàsì kìíní máa ń pe Saeedah nínú rẹ́jísítà, ohùn kan sì máa ń jẹ́ ẹ láti orí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn ọmọ kò kà á sí nǹkan kan. Ummu Salamah ní ó máa ń yá òun ní rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́.

Nígbà tí táàmù parí, ìwé èsì ìdánwò méjì ló dé ilé. Ummu Salamah gba ipò kẹta. Saeedah gba ipò kìíní. Tíṣà fi bíírò pupa kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ tirẹ̀: Apá aṣọ rẹ̀ ti kúrú. Ẹ bá a rán òmíràn.

Màmá Ayọ̀délé kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ yìí kò dàgbà rí. Kí ló ń jẹ tó fi ń dàgbà?"

Màsúdát wọn Ummu Salamah lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wọn Kàbírù. Kò sí ohun tó dín. Ẹ̀rù bà á síbẹ̀, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò bà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ká téèpù rẹ̀, ó gbé e sórí ojú fèrèsé, ó sì lọ bu ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, kò sí ẹnì kankan nínú ọgbà. Ní aago méje àbọ̀, ìró kẹ̀kẹ́ Márúwá dá lójú títì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó padà dé ibi fèrèsé, wọ́n ti tú téèpù náà, wọ́n nà án tọ́. Píìnì wà lójú íǹṣì mẹ́tàdínlógún àbọ̀.

Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ Saeedah.

"Mo ti rí i," ó sọ síta. "Ṣùgbọ́n tàwọn ọmọ mi, ojoojúmọ́ ni mò ń wọ̀n ọ́n."

Ó fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ.